Ẹjọ́ tí Ọba Kò Dá: Àyẹ̀wò Ìdájọ́ nínú Ọba Kò So

Ó rọrùn láti ka Ọba Kò So, eré onítàn tí Dúró Ládípọ̀ gbé jáde ní Òṣogbo ní ọdún 1963, sí oríkì Ṣàngó lásán. Ìlù bàtá, ọfọ̀ àti ọfà iná Tìmì dùn ún wò, dùn ún gbọ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni eré náà dá lé. Àwọn ará Ọ̀yọ́ fẹjọ́ sun ọba pé ogun tí Tìmì àti Gbọ̀ǹkàá ń jà kò jẹ́ kí ìlú ó sinmi. Ṣàngó kò pe àwọn jagunjagun rẹ̀ méjèèjì jókòó kí ó bá wọn wí. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni ó dá. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, nígbà tí ó sì yá, ó dẹ Gbọ̀ǹkàá sí i. Ọba tí ó fi ìjà rọ́pò ìdájọ́ ti fọwọ́ ara rẹ̀ tú adé kí Gbọ̀ǹkàá tó ní kí ó kúrò nílùú. Ní ìparí eré, igbe pé ọba kò so sọ Ṣàngó di òrìṣà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí ará ìlú gbé wá ṣì wà nílẹ̀. Lámèyítọ́ tí ó bá gbójú fo èyí yóò gbọ́ ìlù, kò ní gbọ́ ẹ̀sùn.