Orúkọ Kan, Sípẹ́lì Mẹ́ta

Atọpinpin ìdílé tó gbọ́n kì í pe sípẹ́lì tó yàtọ̀ ní àṣìṣe. Shodipo, Sodipo, Ṣódípọ̀: orúkọ kan náà ni. Ìpàdé àkọtọ́ tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ṣe ní Èkó lọ́dún 1875 kò tíì lé “sh” kúrò lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé, ṣùgbọ́n “Ṣó” ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ń tọ́ka sí Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀gbá. Adjaï ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) jọ àlejò, àfi kéèyàn rántí pé Faransé ni wọ́n fi ń kọ̀wé níbẹ̀: Àjàyí ni, ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé. Àwọn kan á ní akọ̀wé ló kọ ohun tó gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó gbọ́ gan-an la sì ń wá! Lóòótọ́, ọmọ Ìjẹ̀bú ti ń bímọ sí Ìbàdàn tipẹ́, orúkọ nìkan kò sì tó láti fi mọ ibi tí ìdílé ń gbé. Ìgbà yẹn la ń bi àgbà ilé ní oríkì.