Ìran Ọ̀yà Tí A Ń Sìn Nílé

Kò sí àgbẹ̀ ní ìgbèríko Adja-Ouèrè, ní Bẹ̀nẹ̀, tí kò mọ ọ̀yà. Irun rẹ̀ le, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti koríko gbígbẹ; eyín iwájú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ó sì ń gé pòròpóró àgbàdo láìlàágùn.

Ní àwọn ọdún 1980, Bẹ̀nẹ̀ àti Jámánì jọ dáwọ́ lé iṣẹ́ kan ní Godomey, nítòsí Kútọnu, láti wádìí bí a ṣe lè máa sin ẹran yìí nínú ilé. Ẹran rẹ̀ wọ́n lọ́jà, iná tí ọdẹ sì ń fi sígbó láti lé e jáde a máa jó oko olóko. Oṣù 5 ni abo fi ń lóyún. Ó lè bí 4 lẹ́ẹ̀kan, ọmọ náà á sì ti lajú láti ọjọ́ ìbí.

Akọ ni ìṣòro ibẹ̀. Bí akọ méjì tó ti dàgbà bá pàdé nínú ilé kan, wọ́n lè bu ara wọn jẹ dójú ikú. Nítorí náà, akọ 1 ni olùsìn máa ń fi sáàárín abo bíi 4. Ẹran 5 ni ojú rí, ṣùgbọ́n nínú ìṣirò àwọn onímọ̀ àbùdá, wọn ò ju 3 àti díẹ̀ lọ, torí baba kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ ní. Kódà, bí abo bá tó 100 lábẹ́ akọ kan, ìṣirò yẹn kò pé 4.

Bí akọ bá wá gun ọmọ rẹ̀, ohun kan náà ni ọmọ tí wọ́n bá bí yóò jogún láti apá baba àti ìyá, ní nǹkan bí ìdá 1 nínú 4 àbùdá rẹ̀. Àbùkù tó fara pamọ́ tẹ́lẹ̀ á wá hàn síta: ọmọ á kéré, á dín níye, òmíràn á kú kó tó gba ọmú lẹ́nu. Oúnjẹ ni olùsìn sábà máa ń dá lẹ́bi.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó ńlá. Ìwé kan ló ń fẹ́: ọjọ́ ìbí, ìyá, baba, àti àmì etí. Ẹ wo ẹfọ̀n igbó Yúróòpù tó wà láyé lónìí: ọ̀dọ̀ ẹran 12 péré ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Ìwé ìdílé wọn, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1932, ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó lè gun ta. Akọ ọ̀yà náà gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ ọwọ́. Olùsìn ní Ikpinlè lè gba akọ ará Pobè, kó fi tirẹ̀ dí i. Akọ tí a mú nígbó wúlò pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù lè pa á nínú ilé, ó sì yẹ kó kọ́kọ́ dá wà nítorí àrùn.

Ẹ̀yin tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe ra akọ àti abo lọ́wọ́ ẹnì kan náà, àfi bó bá lè fi ìwé hàn yín pé baba wọn kì í ṣe ọ̀kan.