Àlọ́ Àpamọ̀ Abẹ́ Ìbòjú: Àgbéyẹ̀wò Àìdọ́gba Àwọn Abala "Scooby-Doo, Where Are You!"

Ojú yẹpẹrẹ ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ fi ń wo kàtúùnù. Wọ́n gbà pé eré ọmọdé lásán ni, pé bí ọ̀kan ti rí ni gbogbo rẹ̀ rí. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ní Àbújá, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń dàgbà láàrin oríṣiríṣi ẹ̀yà, tí ìyá àgbà tí ì bá pa àlọ́ fún wọn sì wà ní Ìbàdàn tàbí Adó-Èkìtì, iwájú tẹlifíṣàn ni púpọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ ń bá ìtàn àdììtú pàdé. Bóyá ìtàn náà ṣe òdodo sí wọn tàbí ó rẹ́ wọn jẹ, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ olùkọ́ lítíréṣọ̀ lógún ni.

Ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1969 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn CBS ti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé eré yìí jáde. Hanna-Barbera ló ṣe é. Joe Ruby àti Ken Spears ló dá a sílẹ̀, Iwao Takamoto ló sì ya àwòrán àwọn ẹ̀dá-ìtàn. Àwọn òbí ń ráhùn nígbà náà pé ìwà ipá ti pọ̀ jù nínú kàtúùnù òwúrọ̀ Sátidé. Èyí tí wọ́n fi dá wọn lóhùn ni ọ̀dọ́ mẹ́rin àti ajá gìrìwò kan tí ó lójo púpọ̀. Wọn a bá iwin pàdé, wọn a sá títí, wọn a sì mú un. Nígbà tí wọ́n bá ṣí ìbòjú rẹ̀, ènìyàn ni. Abala 25 ni ó wà nínú ọ̀wọ́ méjèèjì àkọ́kọ́: 17 nínú ti ìṣáájú, 8 nínú èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970. (Ọdún 1969 yìí kan náà ni Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí jáde. Ẹni tó bá ń kọ́ni ní ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lè fi èyí sọ́kàn.)

Ní èrò tiwa, àlọ́ méjì ló wà nínú abala kọ̀ọ̀kan. Àlọ́ àpamọ̀ ni ìbéèrè náà pé ta ni ó wà lábẹ́ ìbòjú. Àlọ́ àpagbè ni ìrìn àjò, ìsáré, ẹ̀rín àti orin. Àlọ́ àpamọ̀ sì ní òfin tirẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kì í jẹ́ ohun tí agbo kò rí rí. Bí kò bá jẹ́ ẹyin, á jẹ́ ọṣẹ, àtùpà tàbí orógbó. Apàlọ́ tó bá fi ohun tí kò sí nínú ilé ṣe ìdáhùn, ariwo ni àwọn ọmọ yóò pa lé e lórí. Òfin yìí ni abala tó dára ń pa mọ́, òun náà ni abala tí kò dára ń rú.

Ẹ jẹ́ kí a wo abala àkọ́kọ́ pàá, "What a Night for a Knight". Ọ̀gbẹ́ni Wickles, alábòójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún àwọn ọ̀dọ́ náà pé ìhámọ́ra irin dúdú máa ń jí rìn bí òṣùpá bá yọ tán. Ajá rí awò ojú àràmàǹdà kan. Awò náà tọ́ka sí iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tó sọnù. A tún rí ọ̀dà, àwòrán kan sì pòórá. Nígbà tí ìbòjú ṣí, Wickles tí ń fi ayédèrú rọ́pò ojúlówó àwòrán ni. Ẹni tó pa ìtàn iwin ni iwin! Ọmọ tó bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ lè mọ̀ ọ́n. Ṣíṣí agọ̀ eégún jẹ́ èèwọ̀ ńlá lọ́dọ̀ tiwa, nítorí ará ọ̀run kì í ṣe ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, ẹ̀tàn gan-an ni ìbòjú náà, ṣíṣí i sì ni òdodo.

Ẹ wá fi "Bedlam in the Big Top" wé e. Iwin aláwàdà ń fi owó wúrà kan gba iyè àwọn ènìyàn, ó sì ń da ilé eré rú. Ẹ̀rù rẹ̀ bani ju ti ìhámọ́ra irin lọ, àwòrán rẹ̀ sì dára. Àmọ́ ta ni a bá lábẹ́ ìbòjú? Harry, òṣèré agbàyè tí wọ́n ti lé lọ tẹ́lẹ̀, tí àwa òǹwòran kò bá pàdé nínú ìtàn rárá. Ti "Who's Afraid of the Big Bad Werewolf?" burú ju èyí lọ, nítorí olè àgùntàn tí a mú níbẹ̀ kò tilẹ̀ ní orúkọ. Ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé iṣẹ́ olè náà dán mọ́rán, ṣùgbọ́n orí tí wọ́n gbé e lé ṣófo.

Àwọn kan a máa wí pé ọ̀wọ́ kìíní ló dára, pé ìkejì ló ba nǹkan jẹ́. Àkíyèsí wa kò tì wọ́n lẹ́yìn. Inú ọ̀wọ́ kìíní ni Harry wà. Inú ìkejì ni "Jeepers, It's the Creeper" wà, níbi tí àwòrán ti hàn lára bébà òfìfo nígbà tí iná rà á, tí ó sì fi Carswell, ọ̀gá báńkì tó ń ja báńkì ara rẹ̀ lólè, hàn gbangba. Ohun tí a lè bá ọ̀wọ́ kejì wí sí ni orin tí Austin Roberts ń kọ lábẹ́ ìsáré. Orin inú àlọ́ àpagbè a máa ṣiṣẹ́: nígbà tí Ìjàpá àti Ajá lọ jí iṣu, tí ẹrù wọ Ìjàpá lọ́rùn, orin ni ó fi halẹ̀ mọ́ Ajá, ibẹ̀ ni ìtàn ti yí. Bí a bá yọ orin Roberts kúrò, ìtàn kò ní pàdánù ẹyọ kan. Ó dùn létí, a kò jiyàn.

A kò ní pẹ́ lórí àwọn ọ̀wọ́ tó tẹ̀lé e. Ní 1972, wọ́n fa ìtàn gùn di wákàtí kan nítorí àwọn àlejò olókìkí. Ní 1979 wọ́n mú Scrappy, ajá kékeré aláriwo, wọlé. Nígbà tó fi di 1985, iwin gidi ni wọ́n ń lé kiri. Kò sí àlọ́ àpamọ̀ mọ́.

Abala kan wà tí a kò lè fi sí ọ̀nà kankan nínú méjèèjì. "Foul Play in Funland" ni. Kò sí olè níbẹ̀, kò sí ayédèrú. Ẹ̀rọ bí ènìyàn ni Charlie, ọ̀gbẹ́ni Jenkins ló ṣe é kí ó lè máa ṣiṣẹ́ ní ọgbà ìṣeré ọmọdé. Sarah, arábìnrin Jenkins, ló lọ tọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ náà, nítorí ó gbà pé ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni ó yẹ kí ó wà lọ́dọ̀ ọmọdé, kì í ṣe ẹ̀rọ. Lámèyítọ́ tó bá ń wá ọ̀daràn yóò sọ pé abala yìí kùnà. Lójú tiwa, òun ló jinlẹ̀ jù nínú gbogbo 25, nítorí ẹ̀rọ ni kàtúùnù fúnra rẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ó sì gbà kí Sarah rojọ́ tirẹ̀ ní iwájú ọmọ náà. Ẹjọ́ yẹn kò tíì parí nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Gwarinpa àti Kubwa.