Ta Ló Ń Sanwó Ìdánwò? Àtúpalẹ̀ Second Class Citizen fún Kíláàsì Lítíréṣọ̀

Láti ọdún 2021 sí 2025, Second Class Citizen, ìtàn àròsọ Buchi Emecheta tí ó jáde ní 1974, wà lára àwọn ìwé tí àjọ WAEC yàn fún ìdánwò Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà múra sílẹ̀ ni kí wọ́n há àwọn kókó inú rẹ̀ sórí: ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyà tí ọkọ fi ń jẹ aya, ìfaradà obìnrin. Àtòjọ bẹ́ẹ̀ wúlò fún ìrántí, ṣùgbọ́n ó ń tú ohun tí òǹkọ̀wé dì pọ̀. Okùn tí ó fi dì í kò sì ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ rárá: ìdánwò ni.

Ní Èkó, Adah, ọmọ Ìgbò, fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ṣùgbọ́n kò rí ẹni bá a san owó rẹ̀. Ó fi ṣílè méjì tí wọ́n ní kí ó fi ra ẹran pamọ́, ó ní ó sọnù, wọ́n sì fi kòbókò nà án. Ó yege, ó sì gba ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, owó iṣẹ́ rẹ̀ ni Francis ọkọ rẹ̀ fi lọ kọ́ ìṣirò owó ní Lọ́ńdọ̀nù. Francis ń ṣe ìdánwò, ó ń fìdí rẹmi; Adah ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkàwé, ó ń bọ́ ilé.

Bí a bá tọpa owó yìí, àwọn kókó tí àtòjọ yà nípá yóò tún pàdé. Francis fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún Adah pé ẹni onípò kejì ni í ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fẹ́ kí ó lọ máa rán ṣẹ́ẹ̀tì bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òté tí àwùjọ aláwọ̀ funfun lẹ̀ mọ́ ọkọ lára ni ọkọ ń lẹ̀ mọ́ aya. Nítorí náà ni jíjó tí Francis jó ìwé àfọwọ́kọ Adah kì í fi í ṣe ìwà òǹrorò lásán. Ìwé náà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Adah ṣe tí olùdánwò kankan kò ní kí ó ṣe; bí ọmọ inú ni ó rí lójú rẹ̀. Ẹni tí kò yege ló wá sọ ara rẹ̀ di olùdánwò.

Síbẹ̀, ìtàn yìí ní ibi tí ó kù sí. Ẹ̀gbẹ́ Adah ni asọ̀tàn dúró sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A kì í fi bẹ́ẹ̀ rí inú Francis, a kò sì mọ ohun tí ìkùnà léraléra ń ṣe fún un ju ìbínú lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá béèrè èyí ti kúrò ní ìpele àkọ́sórí. Kò sì yẹ kí ó ka Adah àti Emecheta sí ẹnì kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbésí ayé wọn jọra púpọ̀: Emecheta tún ìwé tirẹ̀ tí ọkọ jó kọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1976 pẹ̀lú orúkọ The Bride Price.