Orin Ìṣíde Eré Orí Tẹlifíṣọ̀n

Ní Boundary, níbi tí Àpápá gbé parí tí Ajégúnlẹ̀ sì gbé bẹ̀rẹ̀, a dúró ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan níwájú ìsọ̀ ẹni tí ń tún fóònù ṣe. Ọkùnrin náà ti kó orin ìṣíde àwọn eré àtijọ́ orí tẹlifíṣọ̀n jọ sínú fóònù rẹ̀, ó tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, ó sì ń fi wọ́n dá àwọn tí ń kọjá lára yá. Kí orin èkíní tó délẹ̀, ìyá kan tí ó ru ẹja ti dárúkọ eré tí ó ni ín, ọkùnrin Ìlàjẹ kan àti ọmọ Íbò kan sì ti ń bá a kọ ọ́. Ó jọ wá lójú, nítorí ní àdúgbò tí èdè pọ̀ tó báyìí, ó ṣọ̀wọ́n kí gbogbo ènìyàn mọ orin kan náà tí kì í ṣe orin ìjọ.

Àwa náà kò lè sẹ́ pé àárò sọ wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbé iṣẹ́ ọnà yẹ̀wò kò lè bá ẹlẹ́kún sunkún kí ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Ó yẹ kí a bèèrè bóyá orin náà ni ó dára, tàbí ìgbà èwe wa ni a ń pè ní orin.

Kí tẹlifíṣọ̀n tó wọ ilẹ̀ wa ni orin ìṣíde ti wà. Alárìnjó ayé àtijọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ eré láì júbà. Hubert Ògúndé, tí ó gbé eré ọgbà Édẹ́nì kalẹ̀ ní Glover Memorial Hall ní Èkó ní 1944, tí ó sì dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, a máa fi orin àti ijó ṣí eré, a sì máa fi òmíràn pa á dé. Nítorí náà, nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjúbà ti ń dúró dè é.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ti rédíò pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ Nàìjíríà, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1951, fi ìlù tí ń fọhùn ṣe àmì ìdánimọ̀ ara rẹ̀. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí ó dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà ni a ní kí ìlù sọ. Ṣùgbọ́n etí Yorùbá kò gbà pé ìlù lè máa fọ èdè àjèjì. Àwọn kan gbọ́ ọ bí ẹni tí ń bèèrè ẹni tí yóò jọba bí Olúbàdàn bá wàjà. Àwọn mìíràn gbọ́ pé a ń sọ fún ẹni tí ó wá sin gbèsè pé kí ó lọ sí ilé kejì. Olùkọ́ tí ń bá ọmọ jà lórí àmì ohùn kò rí àpẹẹrẹ tí ó dùn ju èyí lọ.

Níhìn-ín ni a ti rí òṣùwọ̀n wa. Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí ó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà Kírísítì ní Marina, kọ́ wa nínú ìwé rẹ̀ Yoruba Music ti 1953 pé ó yẹ kí orin Yorùbá tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ tí akọrin sọ igbá di ìgbà, tàbí tí ó sọ ọkọ di ọkọ̀, mọ ìdí rẹ̀. Bí a bá gbé àwọn orin inú fóònù náà lé òṣùwọ̀n yìí, àwọn kan kò tó ìwọ̀n: a fẹ́ràn wọn, a kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n wí.

Orin Cock Crow at Dawn kò sí lábẹ́ òfin yẹn, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni. Bongos Ikwue, ọmọ Ìdómà, ni ó kọ ọ́ fún eré NTA ti àwọn ọdún 1980, èyí tí ó dá lórí oko dídá. Orin náà kò kánjú. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀ ti í mọ́. Ẹni tí kò tilẹ̀ rí àwòrán yóò mọ̀ pé òwúrọ̀ àti iṣẹ́ ni a ń sọ. Ní àdúgbò tí kò ní oko bí kò ṣe èbúté àti ilé ẹrù, àwọn ọmọdé ń kọ orin àgbẹ̀! A kà á sí èyí tí ó pé jù nínú gbogbo wọn. Ìṣíde Super Story ti Wálé Adénúgà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2001, wúwo jù lójú wa, nítorí ó ń wàásù kí ìtàn tó dé. Àwa olùkọ́ fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀, bóyá nítorí pé ó jọ wá.

Orúkọ àwọn òṣèré tí ń kọjá lójú àwòrán ńkọ́? Ní agboolé tí ó ní tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, a máa ń bá ara wa díje nípa ẹni tí yóò ka orúkọ kan tán kí ó tó pòórá. Báyìí ni a ṣe mọ Ted Mukoro, Fẹ́mi Robinson àti Justus Esiri, tí wọ́n ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tẹ̀lé ara wọn nínú The Village Headmaster, eré tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀, tí ó sì wọ tẹlifíṣọ̀n ní 1968. Onírúurú ẹ̀yà ni ó ń gbé ìlú Ọjà inú eré náà, gẹ́gẹ́ bí ti Boundary, orúkọ tí a ń kà sì jọ orúkọ aládùúgbò wa. Ìwé kíkà inú kíláàsì kò yá wa lára tó bẹ́ẹ̀.

Ní 2017 ni Netflix fi bọ́tìnnì kan sí ojú eré, èyí tí a fi ń fo ìṣíde. A kò bínú sí ọmọ tí ń tẹ̀ ẹ́. Agogo ni àwọn orin wọ̀nyí jẹ́: wọ́n ń pe ẹni tí ń fọ abọ́ ní ẹ̀yìnkùlé àti ẹni tí ń pàtẹ lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí eré kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí eré bá ń dúró de olúkúlùkù nínú àpò rẹ̀, kí ni a óò fi agogo ṣe? A rò pé ìró ẹsẹ̀ àwọn tí ń sáré bọ̀ ni àárò rẹ̀ ń sọ wá ju orin lọ, ìyẹn kò sì sí nínú fóònù.

Ọmọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ dúró tì wá ní ìsọ̀ náà. Ó gbọ́ orin mẹ́rin tán, kò gbé ojú kúrò lára fóònù. Nígbà náà ni ó bèèrè pé, “Bọ̀ọ̀dá, ìgbà wo ni eré náà máa bẹ̀rẹ̀?” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, orin karùn-ún sì bẹ̀rẹ̀.