Páìpù Tó Ń Pariwo

Nínú gbogbo iṣẹ́ plọ́ńbà, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí wọ́n pè mí sí ilé tí páìpù ti ń pariwo. Omi kò jò níbẹ̀, ẹ̀rọ kò bàjẹ́, owó iṣẹ́ náà kò sì pọ̀. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń mọ ẹni tí iṣẹ́ yìí yé dénú yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń so páìpù mọ́ páìpù.

Ní Mowe àti Ibafo, ní àgbègbè wa, kànga àti bọ́ọ̀hòòlù ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé. Ẹ̀rọ á fa omi lọ sínú táńkì orí òpó, omi á sì ti ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀. Bí táńkì bá gbẹ, afẹ́fẹ́ á kún inú páìpù. Nígbà tí iná bá dé lóru tí omi tún ń bọ̀, afẹ́fẹ́ yẹn kò rí ọ̀nà mìíràn gbà ju ẹnu táàpù lọ. Ìdí nìyẹn tí táàpù fi ń húkọ́ bí arúgbó lásìkò ọyẹ́, tó ń tu omi síbí sọ́hùn-ún.

"Bàbá Plọ́ńbà, ẹ bá mi yọ táàpù yìí, kí ẹ fi tuntun sí i." Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún mi nìyẹn.

"Ẹ ṣe sùúrù, mà. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ ná."

Mi ò ní tíì mú sípánà. Màá ní kí wọ́n pa rédíò àti jẹnẹrétọ̀, màá gbé etí lé ògiri, kí ọmọ iṣẹ́ mi máa ṣí táàpù, kó máa tì í. Bó bá ń dún bùlù-bùlù, afẹ́fẹ́ ni. Bó bá ń dún ṣíí, ojú ibì kan ti há: bóyá wọn ò ṣí fáàfù tán, bóyá ìdọ̀tí ló dí i. Bó bá ń gbọ̀n gìrìrì, wáṣà inú táàpù ló ti dẹ̀, omi sì ń mì ín. Bó bá dún gbàm! nígbà tí ẹ ti táàpù, ọ̀rọ̀ yẹn lágbára ju àwọn yòókù lọ.

Omi tó ń sáré tí ẹ sì dá dúró lójijì ló ń dún bẹ́ẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ará Rọ́ṣíà kan, Nikolai Joukowsky, ló là á yé ayé ní 1898, lẹ́yìn tó ti dán an wò lára páìpù omi ìlú Moscow. Nínú páìpù irin, omi tó ń rin mítà 1 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó dúró lẹ́ẹ̀kan náà, lè ta agbára tó ju bar 10 lọ padà. Nínú páìpù ike kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí ike máa ń fẹ̀ díẹ̀. Táńkì orí òpó lásán kì í sábà fa irú èyí, torí omi gbọ́dọ̀ ga tó mítà 10 kó tó fúnni ní bar 1, òpó wa kì í sì í ga tó bẹ́ẹ̀. Ilé alájà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ti omi sí ni mo ti máa ń bá a pàdé, pàápàá lọ́nà Ifọ̀.

Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé oògùn rẹ̀ kò le. Àyè inú páìpù ínṣì ¾ tó ìlọ́po méjì ó lé díẹ̀ ti inú páìpù ínṣì ½, nítorí náà omi kan náà á máa rọra rìn nínú rẹ̀. Kílíìpù tó mú páìpù mọ́ ògiri dáadáa kò ní jẹ́ kó máa lu bíríkì. Ní ti afẹ́fẹ́, páìpù atẹ́gùn kan ṣoṣo ti tó: ẹ yọ ọ́ lára páìpù tó ń sọ̀kalẹ̀, lẹ́yìn fáàfù táńkì, ẹ gbé e ga kọjá orí táńkì, kí ẹ tẹ ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ kí òjò má bàa wọ̀ ọ́. Mo ti rí ilé ńlá tí èyí nìkan pa lẹ́nu mọ́.

Àwọn ará wa tó ń gbé ní Bronx náà mọ ìyọnu yìí. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní New York ló jẹ́ pé ooru omi híhó ni wọ́n fi ń mú yàrá móoru nígbà òtútù. Ooru yẹn kò lè wọ inú irin tó wà lábẹ́ fèrèsé àyàfi bí afẹ́fẹ́ bá kọ́kọ́ jáde láti inú fáàfù kékeré kan lára rẹ̀. Bí ooru bá dé ibẹ̀, fáàfù náà á pa ara rẹ̀ dé. Bí agbára ooru bá pọ̀ jù, tàbí tí wọn kò fi àyè afẹ́fẹ́ sílẹ̀ lórí páìpù ńlá ìsàlẹ̀, gbogbo afẹ́fẹ́ á rọ́ lọ síbi fáàfù kékeré náà, á máa súfèé mọ́jú. Bí irin náà kò bá dagẹ̀rẹ̀ síhà páìpù rẹ̀, omi á dúró sínú rẹ̀, á sì máa dún gbàm-gbàm. Èèyàn lè pààrọ̀ fáàfù yẹn títí. Bí kò bá dín agbára ooru kù, kó sì fún afẹ́fẹ́ lọ́nà nísàlẹ̀, ariwo náà á padà wá. Ọ̀rọ̀ Mowe gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́ ní àgbègbè wa, mo bẹ̀ yín: kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri, ẹ ní kí plọ́ńbà yín fi páìpù atẹ́gùn hàn yín, kó ṣí omi sínú gbogbo páìpù, kí ẹ dúró gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti lẹ táìlì tán, ó di kí á fọ́ ògiri.