Ọwọ́ Ọ̀ta

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ayò, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Yóò kó ọmọ ayò jọ sí àtẹ́lẹwọ́ kan, yóò máa fi ọwọ́ kejì ṣà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ yóò sì máa mì bó ṣe ń kà wọ́n. Ọ̀ta kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ kan ló fi ń ta. Ìka mẹ́rin á gbá ohun tó wà nínú ilé jọ lẹ́ẹ̀kan, àtàǹpàkò á máa tì wọ́n sílẹ̀, ọwọ́ náà á ti yí ọpọ́n po láti apá ọ̀tún kí ẹni tó ń wòran tó mọ̀ pé wọ́n ti ta. Kò, kò, kò. Bí ọmọ tó kẹ́yìn ṣe ń bọ́ sílẹ̀ ni ọwọ́ ti ń padà wá kó ohun tó jẹ.

Bàbá kan wà n'Ìbàdàn tí mo fẹ́ràn láti máa wò, télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń jókòó sídìí ọpọ́n níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan nírọ̀lẹ́. Ọwọ́ tirẹ̀ yá gan-an, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ yẹn ló ń mú mi dúró. Ohun tí kò jẹ ni mo máa ń wò. Ọmọ méjì á wà nílẹ̀ gbangba, gbogbo èèyàn á ti rí i, àwọn òǹwòran á máa pariwo pé, “Bàbá, ẹ jẹ ẹ́!” Bàbá á na ọwọ́ sí ilé mìíràn, á sún ọmọ kan ṣoṣo síwájú, á sì gbé ojú kúrò lórí ọpọ́n.

Òfin ayò kò le. Ilé 12 ló wà lójú ọpọ́n, 6 níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ 48, 4 nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ tó kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ bá bọ́ sí ilé ẹnìkejì, tó sọ ohun tó wà níbẹ̀ di 2 tàbí 3, o jẹ ẹ́. Bí ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà bá di 2 tàbí 3, o jẹ tibẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 25 ti borí. Ọmọdé lè mọ gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwọn ọmọ yẹn fúnra wọn yẹ ní wíwò. Orí igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni wọ́n ti ń so, ẹ̀gún bo èpo rẹ̀ náà, wọ́n sì le débi pé ọwọ́ àwọn tó ń ta wọ́n ló ń dán wọn, tí wọn kì í gbó. Wọ́n máa ń léfòó lórí omi, òkun sì ti gbé lára wọn dé etíkun Scotland. Ní Antigua àti Barbados, níbi tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbé eré yìí dé, tí wọ́n ń pè é ní warri, ọmọ igi ẹlẹ́gùn-ún kan náà ni wọ́n fi ń ta á. Àwọn kan ti ń fi màbùù ta ayò báyìí. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀: ó ń yí gbirigbiri, kò sì ní ohùn kankan lójú igi.

Odù ni iṣẹ́ bàbá yìí. Nínú ilé tó kángun sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, á jẹ́ kí ọmọ máa gbára jọ, kò ní fọwọ́ kàn án, títí wọn á fi kọjá 12. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n ti di 16. Tó bá ta wọ́n, 11 á kárí gbogbo ilé yòókù, á fo ilé tó ti kó wọn, 5 tó kù á tún bọ́ sí ilé ẹnìkejì, láti èyí tó súnmọ́ odù títí dé ìkarùn-ún. Ọmọ méjì-méjì ló ti wọ ilé márààrún yẹn. Bí wọ́n bá ṣófo tẹ́lẹ̀, wọ́n ti di 2. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá wà níbẹ̀, wọ́n ti di 3. Ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ láti ìkarùn-ún, á máa kó wọn bọ̀ wálé. Ọmọ 10 sí 15 nìyẹn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ti ń jẹ 2, tó ń jẹ 3, tó sì ń fi í yangàn, á wá máa wo ojú ọpọ́n bí ẹni tí olè jà.

Ṣùgbọ́n 16 kì í ṣe 17. Bí ẹnìkejì bá rọ́nà ju ọmọ kan péré sínú odù yẹn, ọmọ tó kẹ́yìn á ré kọjá dé ilé kẹfà. Bí 2 bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, á di 4, kò sì ní sí nǹkan kan láti jẹ rárá, nítorí ibi tí ọmọ tó kẹ́yìn bọ́ sí ni jíjẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá di 18, ilé bàbá fúnra rẹ̀ ni yóò parí sí. Ìdí nìyẹn tí alátakò tó gbọ́n fi ń fún odù lóúnjẹ. Ìdí nìyẹn náà tí ọ̀ta kì í fi kó odù sọ́wọ́ kà. Ọmọ ti gorí ara wọn, ojú lásán kò lè kà wọ́n. Orí ló fi ń kà wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ 4. Tó bá fọwọ́ kàn wọ́n, ó ti sọ fún ẹni tó wà níwájú rẹ̀ pé ó kù díẹ̀.

Èyí tó le jù ni ohun tí yóò máa ta nígbà tí odù bá jókòó. Ayò kò gbà kéèyàn fo ìta tirẹ̀. Bí ilé márùn-ún yòókù bá gbẹ, dandan ni kó tú odù, yálà ó tó àkókò tàbí kò tó. Nítorí náà ni bàbá ṣe ń tọ́jú ọmọ kan ṣoṣo sí ilé àkọ́kọ́ lápá òsì rẹ̀. Ọmọ yẹn á rìn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ilé kan lẹ́ẹ̀kan, kó tó dúró sí ẹnu odù. Ìta 4 nìyẹn tí kò ba nǹkan kan jẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ń tú ilé tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí kò ní ohun mìíràn tí yóò ta. Ọmọ 2 tí wọ́n ní kó jẹ lẹ́ẹ̀kan? Láti jẹ ẹ́, àfi kó tú ibi tí àwọn ọmọ kéékèèké wọ̀nyí wà.

Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Yunifásítì Vrije ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà tú awari, tí òun àti ayò jọ jẹ́ ọmọ ìyá, palẹ̀ pátápátá. Ipò 889,063,398,406 ni wọ́n gbé yẹ̀ wò. Èsì rẹ̀ ni pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni yóò jẹ́, 24 sí 24. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì gbà fún wọn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò jókòó síbi tí wọ́n ti ń bú èèyàn. Nídìí ọpọ́n, ẹnu kì í sinmi. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá láàárọ̀ á wá máa pariwo nírọ̀lẹ́ pé, “Òpè lẹ jẹ́ lónìí, Bàbá! Ẹ lọ máa ránṣọ!” Bàbá á ní, “Máa jẹ ẹ́ lọ, ọmọ mi. Oúnjẹ kì í tán nílé mi.” Kéèyàn máa ka odù lórí láàárín irú ariwo yẹn, mi ò mọ ẹ̀rọ tó lè ṣe é. Ní Antigua àti Barbados, níbi tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbé eré yìí dé, tí wọ́n ń pè é ní warri, ọmọ igi ẹlẹ́gùn-ún kan náà ni wọ́n fi ń ta á.

Tí ọmọ bá ti kù díẹ̀ lójú ọpọ́n, ìwà bàbá á yí padà. Odù ti tán, ìfarapamọ́ náà ti tán. Òfin sọ pé bí ilé ẹnìkejì bá ṣófo, kó ta èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bó bá ṣeé ṣe, kò gbọ́dọ̀ fi ebi pa á. Bàbá á wá máa kà á síta báyìí, á máa fi àgbọ̀n tọ́ka sí ilé, á máa sọ fún ọmọ iṣẹ́ tó ń bá a ta ohun tí yóò ta, ohun tí òun náà yóò ta, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọmọkùnrin náà á sì máa ta á bẹ́ẹ̀ nítorí kò sí ibòmíràn tó lè gbà. Bó bá ti pé 25, kì í dúró de kíkà. Á ti máa pín mẹ́rin-mẹ́rin padà sílé, á sì máa bi àwọn tó dúró léèrè ẹni tó kàn.